Kókó Orí Bíríkì

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, bàbá kan jókòó sídìí tábìlì ìjẹun rẹ̀ ní ìhà gúúsù ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, rúlà onírin wà ní ọwọ́ òsì, sẹ́lótéèpù àti àpòòwé funfun kan sì wà láàrin. Ohun tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ike pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú ni, kókó róbótó méjì sì yọ sókè lórí rẹ̀. Pẹ́ǹsì 12 ni ó tà á. Sítáǹbù tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ pẹ́ǹsì 87, èyí tí ó ju ìlọ́po méje iye ọjà fúnra rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ní ọjà Òkè-Àjẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni irú òwò bẹ́ẹ̀ ti wáyé, wọn ìbá ti fi olúwarẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni ó mú bàbá náà fọwọ́ lẹ́rán. Ohun tí ó ń rò ni pé: ṣé lẹ́tà ni ohun tí ó wà níwájú òun yìí, àbí ẹrù?

Ìbéèrè náà lè dàbí ìbéèrè ọmọdé. Ohun tí a kọ sórí ìwé tí a sì ká sínú àpò ni lẹ́tà. Ohun tí a dì tí ó sì ṣe é gbé ni ẹrù. Ta ni kò mọ èyí? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ta bíríkì ìṣeré ọmọdé fún oṣù mẹ́ta péré ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ẹni tí ó bá ṣì í mú, kì í sábà jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jìyà àṣìṣe náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá yìí. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni ó ṣe ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù títí tí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí síbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì fi bíríkì LEGO ṣeré dàgbà. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí ilé tiwọn, wọ́n fi abọ́ ike ńlá méjì tí ó kún fún bíríkì sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Ní ọjọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí ẹrù yìí, kí ó má baà lé èmi náà jáde nínú ilé.” Àbígbẹ̀yìn wọn, tí ó jẹ́ obìnrin, ni ó ṣí ìsọ̀ kékeré kan fún bàbá rẹ̀ ní BrickLink. Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí. Dan Jezek ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ LEGO fúnra rẹ̀ sì rà á ní ọdún 2019. Ohun tí ó mú ọjà náà yàtọ̀ ni pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Gbogbo bíríkì ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti àwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó pàdánù fèrèsé kan ṣoṣo lára ilé tí ọmọ rẹ̀ kọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn lè rí fèrèsé náà gan-an níbẹ̀, kí ó rà á, kí ó sì máa retí rẹ̀. Ẹ fọkàn sí ọ̀rọ̀ “retí” yìí, nítorí pé òun ni ó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kù.

Ìlú Billund ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì ni bíríkì náà ti ṣẹ̀ wá. Káfíńtà ni Ole Kirk Christiansen tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, igi ni ó sì fi ń gbẹ́ ohun ìṣeré nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1932. Ọmọ rẹ̀, Godtfred, ni ó béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ fún bíríkì oníke tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 1958. Èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún náà ṣì ń wọ inú èyí tí wọ́n ṣe lánàá láìsí wàhálà. Kò sí idán níbẹ̀ ju pé wọn kò fi ìwọ̀n ṣeré. Gíga bíríkì kan jẹ́ mìlímítà 9.6. Gíga pẹlẹbẹ kan jẹ́ mìlímítà 3.2, tí ó fi jẹ́ pé pẹlẹbẹ mẹ́ta lórí ara wọn jẹ́ bíríkì kan géérégé. Kókó tí ó yọ lórí wọn fi nǹkan bí mìlímítà 1.8 ga sí i. Bíríkì tí ó ní kókó mẹ́jọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù, wọ̀n tó gíráàmù 2.3. Bí bíríkì ti jẹ́ afojúwọ̀n-mọ̀-ọ́n-lára báyìí, ó wá bá òfin mìíràn pàdé lójú ọ̀nà, òfin tí òun náà kò mọ ohun tí ń jẹ́ “ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó”.

Òfin Royal Mail ni òfin náà. Kí ó tó di oṣù kẹjọ ọdún 2006, ìwúwo ni wọ́n ń wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó dá owó lé lẹ́tà lórí. Bàbá yìí rántí àkókò náà dáadáa, nígbà tí ènìyàn lè fi àpòòwé tí ó wú bí ẹni jẹ iyán yó ránṣẹ́, bí kò bá ṣáà ti wúwo. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń wo bí ó ti gùn tó, bí ó ti fẹ̀ tó, àti bí ó ti nípọn tó. Lẹ́tà lásán kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 5 lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 100 lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní lẹ́tà ńlá lè nípọn dé mìlímítà 25, kí ó sì wúwo dé gíráàmù 750. Ohun tí ó bá ti ju ìyẹn lọ di ẹrù, ìbáà ṣe ìyẹ́ adìyẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2025 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lẹ́tà lásán tí kò kánjú jẹ́ pẹ́ǹsì 87. Lẹ́tà ńlá tí kò kánjú tí kò sì ju gíráàmù 100 lọ jẹ́ pọ́n-ùn 1 àti pẹ́ǹsì 55. Ẹrù kékeré sì ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Oníbàárà ni ó ń san owó ìfiránṣẹ́, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn láti san owó ẹrù lórí ohun tí kò tó hóró ẹ̀pà. Nítorí náà, ọlọ́jà tí ó bá sọ pé lẹ́tà lásán ni òun yóò fi ránṣẹ́ ni àwọn ènìyàn ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdẹwò wà.

Bàbá náà ti kó sínú ìdẹwò yìí rí. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan ní Skọ́tílándì ra pẹlẹbẹ mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan ni ìyá náà ń tún ṣe, èyí tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi bíríkì kọ́ nígbà tí ó wà ní kékeré; ó fẹ́ gbé e fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò pé ọdún méje. Bàbá fi rúlà wọn ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ náà, ó rí i pé mìlímítà 3.2 ni, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé lẹ́tà ni. Ó tò wọ́n sínú àpòòwé, ó fi ọ̀rá tín-ín-rín wé wọn kí wọ́n má baà ha, ó lẹ sítáǹbù, ó sì jù ú sínú àpótí pupa. Kókó orí wọn ni kò kà. Mìlímítà 3.2 àti mìlímítà 1.8 jẹ́ mìlímítà 5 gan-an, kí a tó wá sọ ti ọ̀rá, kí a tó wá sọ ti àpòòwé níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n dá lẹ́tà náà dúró pé owó rẹ̀ kò pé. Wọ́n fi káàdì há ẹnu ọ̀nà ìyá arúgbó náà pé kí ó wá san èyí tí ó kù, pẹ̀lú owó ìtanràn lórí rẹ̀, kí ó tó gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ìwé tí ìyá náà kọ sí i kò gùn. Kò bú u. Ó ní òun ti rí àwọn pẹlẹbẹ náà gbà, wọ́n sì bá ọkọ̀ náà mu. Ó ní òun kàn fẹ́ kí ó mọ̀ pé ọkọ̀ bọ́ọ̀sì méjì ni òun wọ̀ kí òun tó dé ibi tí wọ́n kó lẹ́tà náà sí, àti pé ọjọ́ ìbí ọmọ náà ti fi ọjọ́ méjì kọjá. Bàbá dá gbogbo owó rẹ̀ padà fún un lọ́jọ́ náà. Ìyá náà dáhùn pé kì í ṣe nítorí owó ni òun ṣe kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dun bàbá jù, nítorí pé ẹni tí ó bá bínú béèrè owó, a lè fi owó tù ú nínú; ẹni tí kò bá béèrè nǹkan kan ńkọ́? Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín tó báyìí. Mìlímítà méjì péré ni.” Bàbá sì dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, mìlímítà méjì tí n kò kà ni ìyá ẹni ẹlẹ́ni gbé wọ bọ́ọ̀sì.”

Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi ọ̀bẹ gé ihò gbọọrọ méjì sára páálí líle kan. Ihò àkọ́kọ́ fẹ̀ ní mìlímítà 5, èkejì fẹ̀ ní mìlímítà 25, gẹ́gẹ́ bí irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Àpòòwé tí kò bá gba inú ihò kọjá fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé a tì í, kì í ṣe ti ihò náà.

Lẹ́tà ńlá ni ó wá ń lò jù. Àdán ni lẹ́tà ńlá yìí, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ: orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà, ikùn rẹ̀ sì ń gba ẹrù. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò díẹ̀ yóò gbádùn rẹ̀. Bíríkì kan pẹ̀lú kókó rẹ̀ ga ní mìlímítà 11.4. Bí méjì bá gun ara wọn, kókó ti ìsàlẹ̀ yóò wọ inú ti òkè, gíga wọn yóò sì jẹ́ 21. Bí mẹ́ta bá gun ara wọn, ó di 30.6. Méjì lè gun ara wọn, nígbà náà. Mẹ́ta kò gbọdọ̀ dán an wò. Ní ti ìwúwo, ogójì bíríkì olókòó mẹ́jọ jẹ́ gíráàmù 92, gíráàmù 8 ni ó sì kù fún àpòòwé, páálí àti sẹ́lótéèpù, èyí tí kò lè tó wọn. Márùndínlógójì ni bàbá fi ṣe òpin tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan kò tó, ó sì tún ti ibòmíràn kọ́ ẹ̀kọ́. Bàbá ọmọ kan ní Manchester ra fèrèsé mẹ́jọ. Wọ́n wúwo díẹ̀, wọn kò nípọn, ihò kejì gbà wọ́n dáadáa. Ó dà wọ́n sínú àpòòwé bí ẹni da ẹ̀wà sínú ìkòkò, ó lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Kò rántí pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣa lẹ́tà lóde òní. Bẹ́líìtì méjì ni ẹ̀rọ náà fi ń há lẹ́tà láàrin, a sì máa yí i gba orí róláà kọjá ní eré tete. Ohun líle tí kò bá ní ìdè nínú irú àpòòwé bẹ́ẹ̀ yóò sáré lọ sí igun kan, gbogbo wọn yóò gun ara wọn níbẹ̀, igun náà yóò sì bẹ́. Àpòòwé dé Manchester, ó ya ní ẹ̀gbẹ́, fèrèsé mẹ́ta ni ó kù nínú rẹ̀. Ta ni a fẹ́ dá lẹ́bi? Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ilé ọmọdé ni òun ń wó. Ẹni tí ó dì í ni ó di í ní ìdìkudì. Nísinsìnyí, bàbá máa ń to bíríkì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, yóò tẹ́ ọ̀rá náà sórí páálí, yóò sì fi sẹ́lótéèpù de ọ̀rá mọ́ páálí kí nǹkan kan má lè mì. Kì í jẹ́ kí sẹ́lótéèpù kan bíríkì fúnra rẹ̀, nítorí pé àtè rẹ̀ kì í tán lára ike bọ̀rọ̀. Òwò kékeré, ìmọ̀ rẹ̀ kò kéré.

Ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè Yorùbá yóò kíyè sí i pé èdè wa ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni a ń pe ibẹ̀. Ní ọdún 1852 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ sí Èkó, ìwé ni ó ń ti ibẹ̀ jáde, ìwé ni a sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, agbélẹ́tà ni wọ́n ń pe àwọn tí ń pín lẹ́tà kiri ilé, títí di ọdún 1883 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù ránṣẹ́, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ. Nítorí pé ẹrù ti dé èjìká wọn, wọ́n yí orúkọ wọn padà, kí ó lè gba lẹ́tà àti ẹrù pọ̀. Àwa kò yí tiwa padà. Ẹni tí ó gbé àpótí bàtà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Òṣogbo lónìí, ìwé ni ó fi ránṣẹ́ lẹ́nu wa.

Bóyá ìdí wà tí kò fi ni wá lára. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ẹrù ni lẹ́tà, lẹ́tà sì ni ẹrù. Ẹni tí ó bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí ó sì fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ni ó kọ: ẹẹ́fà ni, ọkàn òun fà mọ́ ẹni tí òun rán an sí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ ni, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ohun tí a dì, tí ó ṣe é gbé, tí a sì tún ń kà, ni àrokò. Kò sí onítọ̀hún tí yóò gbé àrokò sórí òṣùwọ̀n láti mọ̀ bóyá ẹrù ni. Bí ó bá sì sọnù lọ́nà, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹyọ mẹ́fà ni ó sọnù. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni pẹlẹbẹ mẹ́fà tí ó ń lọ sí Skọ́tílándì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá náà kò rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń lẹ sítáǹbù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá gbé le jù ni ti ohun tí ó fúyẹ́ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí ó wúwo lójú. Láti ọdún 1978 ni ilé-iṣẹ́ LEGO ti ń ṣe àwọn ènìyàn kéékèèké tí apá àti ẹsẹ̀ wọn ń mì. Sẹ̀ǹtímítà 4 ni ìdúró wọn. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọn kò ṣe mọ́, tí àwọn olùkójọ sì ń wá lójú méjèèjì. Bàbá rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nínú abọ́ ike kejì, oníbàárà kan sì gbà láti san ọgbọ̀n pọ́n-ùn lórí rẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ kò tó ti sítáǹbù mẹ́wàá pẹ̀lú àpòòwé wọn. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò gba ihò kejì kọjá kíá. Òṣùwọ̀n ní lẹ́tà ni. Rúlà ní lẹ́tà ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà lásán kò ní nọ́ńbà tí a fi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá sọnù, olùrà yóò ní kò dé, olùtà yóò ní ó lọ, àwọn méjèèjì sì lè jẹ́ olóòótọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2015 sọ ibi tí ẹrù náà yóò wó sí: bí ó bá jẹ́ pé oníṣòwò ni ó tà á fún oníbàárà, ọrùn oníṣòwò ni ewu wà títí tí ọjà yóò fi dé ọwọ́ olùrà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kéékèèké ń ṣe ni pé wọ́n ń fi olùrà sí ipò láti yàn, wọ́n á ní, “Bí o bá yan lẹ́tà, tí ó bá sọnù, ó di tìrẹ.” Ọ̀rọ̀ náà dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n òfin kò gbè é. Kò sì tọ́ lójú ọmọlúwàbí pẹ̀lú, nítorí pé olùtà ni ó mọ ewu ọ̀nà. Olùrà kò mọ̀ ju owó tí ó rí níwájú rẹ̀ lọ. Bàbá fi ti ọgbọ̀n pọ́n-ùn náà ṣe ẹrù, ó sì gba nọ́ńbà ìtọpasẹ̀. Ní ti àwọn tí ó fi lẹ́tà ńlá ránṣẹ́, ó máa ń gba ìwé ẹ̀rí pé òun fi nǹkan ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ níbi káńtà. Ìlà ibẹ̀ a máa gùn, òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè yàtọ̀ pátápátá, ó sì kàn án láti ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Abẹ́òkúta ní ọmọ-ọmọ kan tí ọkọ̀ bíríkì rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn mọ́. Ilẹ̀kùn méjì àti pẹlẹbẹ méjì ni ó nílò. Ọ̀rẹ́ bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó há mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáàrin káàdì ọjọ́ ìbí, kí ó lẹ̀ ẹ́ pa, kí ó sì fi í ránṣẹ́ bí lẹ́tà. Ìmọ̀ràn náà kò burú létí, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó bá fẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde lọ sí òkèèrè, ìwé nìkan ni ó gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọjà tàbí ẹ̀bùn, bí ó ti wù kí ó tín-ín-rín tó, ẹrù ni, a sì gbọdọ̀ kọ ohun tí ó jẹ́ àti iye rẹ̀ sórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní CN22. Àwọn orílẹ̀-èdè ni wọ́n jọ fi ohùn ṣọ̀kan lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Bern ní ọdún 1874. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ilẹ̀kùn ìṣeré méjì! Ta ni yóò mọ̀?” Bàbá ní, “Èmi tí mo fi í síbẹ̀ ńkọ́?” Ó tún fi kún un pé bí wọ́n bá já a lọ́nà tí wọ́n sì dá a padà, ọmọ tí ó ń retí ni yóò jókòó ti ọkọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn, òun kọ́.

Ó fi í ránṣẹ́ bí ẹrù. Owó rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ó ní, “Àbúrò mi, ṣé nítorí ike mẹ́rin yìí ni o ṣe ná gbogbo owó tí mo rí lára páálí yìí? Owó náà ìbá ra ìrẹsì.” Bàbá tọrọ àforíjì, nítorí pé kò sí bí a ti ń bá ẹ̀gbọ́n ẹni jiyàn lórí ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó dúró, ọmọ náà fẹ́ kí i. Ohun tí ọmọ náà sọ kò yé bàbá, ariwo ọkọ̀ tí ó ń fi ẹnu ṣe ni ó gba gbogbo fóònù.

Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì, níbi tí bíríkì ti wá, ti bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè tí ó mú bàbá fọwọ́ lẹ́rán lọ́nà tiwọn. Láti ọdún 1624, ní ayé ọba Christian Kẹrin, ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn ti wà. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 2025, PostNord tí ó jogún iṣẹ́ náà pín lẹ́tà rẹ̀ ìkẹyìn níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún 401. Wọ́n ti ń hú àwọn àpótí pupa wọn láti oṣù kẹfà ọdún náà. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ṣì ń gbé lẹ́tà fún ẹni tí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹrù ni PostNord gbájú mọ́ níbẹ̀ báyìí. Ènìyàn kò kọ lẹ́tà mọ́, wọ́n ń rajà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ títí, ọjọ́ kan lè dé tí ẹni tí ó ṣẹ́ ku ẹyọ bíríkì kan kò ní rí ọ̀nà tí ó pọ́ọ́kú tí yóò fi rí i gbà, yóò sì di dandan kí ó ra odindi páálí tuntun. Àwọn tí ń ta odindi páálí kò ní sunkún.

Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí a ń wí yìí, ọ̀nà ṣì wà. Bàbá fi ọ̀rá tín-ín-rín wé pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú náà, ó tẹ́ ẹ sórí páálí, ó dè é, ó sì fi í sínú àpòòwé. Olùrà ti san pẹ́ǹsì 87 fún lẹ́tà lásán, nítorí pé ohun tí bàbá kọ sí ìsọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì yí padà tán. Ó gbé àpòòwé náà sí ẹnu ihò àkọ́kọ́. Ìdajì wọlé, ó sì há níbi tí kókó méjèèjì wà. Ó yí i sí apá kejì, ó há síbẹ̀ náà. Bí ó bá fi àtàǹpàkò tì í díẹ̀, yóò kọjá, ó sì mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ tí ó ń kọjá lọ sí ilé ìdáná wò ó, kò sọ nǹkan kan.

Ó fà á jáde. Ó mú àpòòwé tí ó tóbi jù ú lọ, ó lẹ sítáǹbù lẹ́tà ńlá mọ́ ọn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ pé òun fi pẹ́ǹsì 68 ti ara òun kún un lórí ọjà pẹ́ǹsì 12. Lẹ́yìn náà ni ó gbé e sí ẹnu ihò kejì, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó já sórí tábìlì ní òdìkejì.